Nígbà tí Bọ́ọ̀dù Bá Kọ̀ Láti Gba Fámúwíà

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi fámúwíà sí bọ́ọ̀dù ESP32 rí yóò ti mọ ìlà kan tó máa ń jáde lójú kọ̀ǹpútà: "Connecting", tí àwọn àmì kéékèèké yóò sì máa tò tẹ̀lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí lẹ́tà pupa yóò fi jáde pé ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Ní Tamale, olú ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, owó ń bẹ nínú lẹ́tà pupa yẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lamashegu tàbí ní ọgbà University for Development Studies bá pe bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní òkú, kò dájú pé yóò rí òmíràn rà ní ìsọ̀ tó wà níwájú ilé. Accra ni ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ìrìn nǹkan bí 600 kìlómítà. Bí kò bá sí ní Accra, ó di Ṣáínà, ó sì di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun kan kí a tó wọnú ọ̀rọ̀: nínú àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó dànù nítorí pé wọn kò gba fámúwíà, èyí tó kú gan-an kò wọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ ló já níbì kan láàárín kọ̀ǹpútà àti ṣípù. Ibi tó ti já ni ká wá.

Fámúwíà ni àkójọ àṣẹ tí a kọ sínú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ kékeré, tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé gbàrà tí iná bá ti wọ inú rẹ̀. Ọdún 1967 ni Ascher Opler lo orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn Datamation, nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣì ń gba odidi yàrá. Lónìí ó wà nínú mítà iná, ó wà nínú rímóòtù tẹlifíṣọ̀n, ó wà nínú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe nígboro náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ "fláàṣì" fóònù. Iṣẹ́ kan náà ni à ń ṣe sí bọ́ọ̀dù, àyàfi pé lórí bọ́ọ̀dù, àwa fúnra wa la sábà máa ń kọ ohun tí à ń fi sí i.

Kí ló wá gbé iṣẹ́ yìí dé Tamale? Ilẹ̀ tó yí ìlú náà ká ni. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, òjò ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń rí lọ́dún. SARI, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba, wà ní Nyankpala nítòsí ibẹ̀. Ìsédò Bontanga tí wọ́n fi ń bomi rin oko wà lápá Kumbungu. Níbi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó lè wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, tó sì lè tan pọ́ǹpù omi fúnra rẹ̀ lóru, wúlò fún àgbẹ̀. ESP32 tí iléeṣẹ́ Espressif ti ìlú Shanghai gbé jáde ní 2016 bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu: kò wọ́n, Wi-Fi àti Bluetooth sì wà nínú rẹ̀.

Ìlú náà kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà àti ìlú mìíràn pọ̀ lọ́jà Tamale àti ní àríwá Gánà lápapọ̀, débi pé J. S. Eades kọ odidi ìwé kan nípa wọn, Strangers and Traders. A ṣì ń rí àgbàlagbà nílé wa tó lè fi èdè Dagbani ná ọjà. Ọmọ-ọmọ wọn tó bá fẹ́ ṣòwò níbẹ̀ lónìí lè rí i pé ẹ̀yà ẹ̀rọ bí irú èyí náà jẹ́ ọjà tí wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Kọ̀ǹpútà ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú wáyà USB. Lórí bọ́ọ̀dù, ṣípù kékeré kan wà tó ń gba ọ̀rọ̀ USB yìí, tó ń yí i padà sí irú èyí tí ESP32 lè gbọ́. CP2102 tàbí CH340 ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Nínú ESP32 fúnra rẹ̀, ètò kan wà tí iléeṣẹ́ ti kọ mọ́ ara ṣípù nígbà tí wọ́n ń ṣe é. ROM ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ ń jí nígbà tí iná bá dé, òun ló sì ń wo ẹsẹ̀ ṣípù kan tí wọ́n ń pè ní GPIO0, bóyá iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí iná bá wà níbẹ̀, ROM á lọ sínú mẹ́mọ́rì flash, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bá bá níbẹ̀. Bí kò bá sí, á jókòó, á máa retí kí kọ̀ǹpútà bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ dákun, ẹ di èyí mú ṣinṣin, nítorí òun ló yẹ kó lé ìbẹ̀rù lọ. Kò sí ohun tí ẹ lè kọ sí flash tó lè pa ROM rẹ́. Ẹ kọ ìkọkúkọ síbẹ̀, ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí wáyà yọ láàárín iṣẹ́: ROM ṣì wà ní ipò rẹ̀, ó ṣì ń wo GPIO0. Raspberry Pi Pico tó jáde ní oṣù kìíní 2021 náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì BOOTSEL mú kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́, á sì yọjú lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ RPI-RP2 gẹ́gẹ́ bí flash tí a fi ń kó fáìlì. Ọ̀pọ̀ ṣípù STM32 ní ẹsẹ̀ BOOT0 fún irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn tó ṣe ṣípù wọ̀nyí mọ̀ pé ènìyàn yóò ṣàṣìṣe, wọ́n sì fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀.

Wáyà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Òwú wáyà mẹ́rin ló wà nínú wáyà USB lásán: méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ṣájà fóònù, ní Tamale àti ní Ìbàdàn bákan náà, kò ní méjì tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ nínú rárá. Ẹ ó ki wáyà bọ̀ ọ́, iná pupa orí bọ́ọ̀dù á tàn rekete, ọkàn yín á balẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Iná tó tàn kò jẹ́rìí sí nǹkan kan ju pé iná dé. Ẹ̀rí tó yẹ ká wá ni bóyá kọ̀ǹpútà rí i: lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ wò ó bí ìlà tuntun bá yọ lábẹ́ "Ports" nígbà tí ẹ bá ki wáyà bọ̀ ọ́, tó sì parẹ́ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́. Lórí Linux, àṣẹ lsusb á sọ fún yín. Bí kò bá sí ìyípadà kankan, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, ẹ má yí ìlà kan padà nínú ètò yín. Ẹ pààrọ̀ wáyà. Ẹ fi èyí tí ẹ ti fi kó fọ́tò láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà rí ṣe é, nítorí irú ìyẹn ti fi hàn pé òun lè gbé ọ̀rọ̀.

Bí kọ̀ǹpútà bá rí i àmọ́ tó fi àmì òfeefee sí i lára, driver ló kù, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè ṣípù USB náà. Ẹ ka orúkọ tó wà lórí ṣípù, kí ẹ sì gba driver tirẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe é: WCH ló ni CH340, Silicon Labs ló ni CP2102. Ìtàn kan wà níbí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ lọ́jà mọ̀. Ní 2014, iléeṣẹ́ FTDI ti ilẹ̀ Scotland, tí ṣípù USB rẹ̀ lókìkí, gbé driver kan jáde tó jẹ́ pé bó bá ti rí ayédèrú ṣípù, á yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ padà sí òdo. Windows Update ló pín in kiri, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò jẹ́ orúkọ kankan mọ́ lónìí. Ariwo tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé wọ́n fà á sẹ́yìn. Mo gbà pé ó yẹ kí iléeṣẹ́ dáàbò bo ọjà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jìyà ni ẹni tó ra bọ́ọ̀dù lówó ẹni tó rà á lówó ẹlòmíràn, tí kò sí ọ̀nà kankan tó fi lè mọ̀ pé ayédèrú wà nínú rẹ̀.

Linux ní tirẹ̀. Kì í sábà béèrè driver, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé fọwọ́ kan pọ́ọ̀tù. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n sábà máa ń pè ní dialout, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "Permission denied" ni yóò máa jáde. Lórí Ubuntu 22.04, ètò brltty, tí wọ́n ṣe láti ran àwọn afọ́jú tó ń fi ọwọ́ kàwé lọ́wọ́, máa ń ṣi CH340 mú pé ẹ̀rọ àwọn afọ́jú ni, á sì gba pọ́ọ̀tù mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá nílò brltty lè yọ ọ́ kúrò, pọ́ọ̀tù á sì padà wá. Lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, ètò kan ṣoṣo ló lè di pọ́ọ̀tù mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti ṣí Serial Monitor, ibi tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀dù ń sọ, sílẹ̀ nínú fèrèsé mìíràn, ẹ pa á dé kí ẹ tó dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi.

Ká wá gbà pé pọ́ọ̀tù wà, àmọ́ tí "Connecting" ń gùn tí kò dópin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń há sí. Ohun tí àwọn àmì yẹn ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà ń pe ROM, ROM kò sì dáhùn. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ROM kò jókòó dúró. Ó ti kọjá lọ sínú flash, ó ń ṣe iṣẹ́ àtijọ́. Ẹ̀dà tuntun esptool, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ fámúwíà sí ESP32, tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ láìfi bò: "Wrong boot mode detected (0x13)". Nọ́ńbà 0x13 yẹn ni ROM fi ń sọ pé òun bá iná ní GPIO0, òun sì gba ọ̀nà flash lọ.

Ó yẹ kí bọ́ọ̀dù ṣe èyí fúnra rẹ̀. Tírànsísítọ̀ méjì wà lórí rẹ̀ tó ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń fa GPIO0 àti EN wálẹ̀ lásìkò tó yẹ. EN ni ẹsẹ̀ tó ń tún ṣípù tàn. Àsìkò yẹn ṣókí gan-an. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, EN máa ń yára gòkè kí GPIO0 tó délẹ̀, ROM á sì wo ibẹ̀ kó tó yẹ. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ di bọ́tìnnì BOOT mú nígbà tí àwọn àmì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kí ẹ tẹ EN lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì dúró títí kíkọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó fi BOOT sílẹ̀. Bí èyí bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ àmọ́ tó ń sú yín, ẹ fi léèdì jó kàpásítọ̀ kan mọ́ àárín EN àti GND. Ìwọ̀n tí Espressif fúnra wọn dá lábàá ni 1 sí 10 máíkírófáràdì. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ní ẹ̀gbẹ́ àmì àròpọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ àmì ìyọkúrò, ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì ìyọkúrò ni kó lọ sí GND. Kàpásítọ̀ náà á mú kí EN rọra gòkè, GPIO0 á sì ti délẹ̀ kí ROM tó wò ó. Nínú rédíò àtijọ́ tó ti bàjẹ́, ẹ ó rí irú kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀ mélòó kan.

Bí dídi BOOT mú kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo ohun tí ẹ so mọ́ bọ́ọ̀dù. Èmi a máa sọ pé kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀, títí bọ́ọ̀dù yóò fi ku òun nìkan lórí tábìlì. Módù GPS tàbí ti síìmù tó bá so mọ́ GPIO1 àti GPIO3 ń gba ọ̀nà kan náà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá ROM sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu. GPIO6 títí dé GPIO11 so mọ́ flash gan-an lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ESP32. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ẹ bá so mọ́ ibẹ̀ ń dí flash lọ́wọ́. Èyí tó ṣòro jù láti rí ni GPIO12. Nígbà tí ṣípù bá ń jí, ó máa ń wo ẹsẹ̀ yẹn láti mọ̀ bóyá fóltì 3.3 ni flash ń lò tàbí 1.8. Bí ẹ bá so nǹkan tó ní iná mọ́ ọn, ṣípù á rò pé 1.8 ni, á dín iná flash kù, flash tó fẹ́ 3.3 kò sì ní lè dáhùn dáadáa. Ohun tó máa ń jáde ni "flash read err, 1000", ẹni tó bá sì kà á á rò pé flash ti jó. Flash kò jó. Ẹ yọ wáyà GPIO12 kúrò, kí ẹ tún un tàn.

Iná ló kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àwọn ará Tamale mọ dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n sì sábà máa ń rò pé bí NEDCo, iléeṣẹ́ tó ń pín iná níbẹ̀, bá mú iná lọ nígbà tí fámúwíà ń wọlé, bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí láptọ́ọ̀pù ni ẹ ń lò, bátìrì rẹ̀ ló ń fún bọ́ọ̀dù níná, kò sí ohun tó kan bọ́ọ̀dù nínú iná ìta. Iná tó ń ṣe bọ́ọ̀dù léṣe níbi iṣẹ́ yìí ni èyí tó kéré jù láti inú USB. Espressif ní kí ohun tó ń fún ESP32 níná lè gbé 500 mílíáńpù, ó kéré tán. Ihò USB 2.0 lásán lè gbé 500 yẹn, kò lé. Bí ẹ bá gba àárín hub tí ohun mẹ́ta mìíràn ti so mọ́, tàbí tí wáyà bá gùn tó sì tín-ínrín, fóltì 5 á ti di 4.5 tàbí kó kéré sí i kó tó dé orí bọ́ọ̀dù. AMS1117, ẹ̀yà tó ń sọ ọ́ di 3.3 lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, fẹ́ kí ohun tó ń wọlé fi ju fóltì 1 lọ ga ju ohun tó ń jáde. Nígbà tí Wi-Fi bá jí, tó fa iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀. "Brownout detector was triggered" ni yóò jáde, ṣípù á tún ara rẹ̀ tàn, á tún tàn, láìdúró. Wáyà kúkúrú tó nípọn, tí a kì bọ kọ̀ǹpútà tààrà, ló sábà máa ń wo èyí sàn.

Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á wọ̀, ROM á dáhùn, kíkọ á bẹ̀rẹ̀, á dé ìpín 30 tàbí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì já. Ìyára ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ètò yín lè ti yan 921600. Ẹ mú un wá sí 115200. Ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ wáyà tí kò lágbára lè gbé e.

Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ já láàárín, nítorí náà ó yẹ ká mọ bí flash ṣe ń gba nǹkan. Fujio Masuoka àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toshiba ló gbé e jáde fún aráyé ní 1984. Gbogbo bíìtì tó wà nínú flash tí a ti pa rẹ́ jẹ́ 1. Kíkọ lè sọ 1 di 0, àmọ́ kò lè sọ 0 padà di 1. Láti rí 1 padà, àfi kí a pa odidi apá kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, báìtì 4096 nínú irú flash tó wà lórí ESP32. Ẹni tó bá lọ sí ilé kéú ní Tamale tàbí ní Ìlọrin mọ̀ ọ́n láti orí wàláà: a kì í fọ lẹ́tà kan ṣoṣo kúrò lára rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ la ń fọ̀ kí a tó kọ ẹ̀kọ́ tuntun. Bí iṣẹ́ bá já láàárín, apá kan ti di funfun, apá kan ti gba ohun tuntun, apá kan ṣì ní ti àtijọ́. Bọ́ọ̀dù kò ní lè ṣiṣẹ́, á máa sọ "invalid header: 0xffffffff" léraléra. F tó pọ̀ yẹn ni funfun: bíìtì 1 nìkan ni. Ẹ padà, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú àṣẹ erase_flash, kí ẹ kọ ọ́ lọ́tun. Flash irú èyí sábà máa ń gba pípa rẹ́ tó 100,000 ìgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Èyí tó ń da àwọn tó ti mọ̀ díẹ̀ láàmú ni nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, tí "Hash of data verified" jáde, àmọ́ tí bọ́ọ̀dù dákẹ́. Gbólóhùn yẹn jẹ́rìí pé ohun tí ẹ rán ni ohun tó wà nínú flash. Kò jẹ́rìí pé ohun tó tọ́ lẹ rán, tàbí pé ibi tó yẹ lẹ fi sí. Lórí ESP32, ètò tí ROM máa kọ́kọ́ pè wà ní 0x1000, àtẹ ìpín mẹ́mọ́rì wà ní 0x8000, iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní 0x10000. Ẹni tó bá gba fáìlì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tó sì fi í sí 0x1000, ti kọ iṣẹ́ lé orí ètò tó yẹ kó gbé iṣẹ́ dìde. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ESP32 lásán lẹ ní lọ́wọ́ tàbí ESP32-S3 tàbí C3. Orúkọ wọn jọra, àmọ́ fáìlì ọ̀kan kò bá èkejì mu. Bí ọ̀rọ̀ tó ń jáde bá rí wúruwùru, ẹ mú ìyára Serial Monitor wá sí 115200. Lórí ESP8266, èyí tó ṣáájú ESP32, ìyára tí ROM fi ń kọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń jí ni 74880, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tí wọ́n sì ń rò pé ṣípù ti ya wèrè.

Àwọn tó ń lo Arduino Nano ní ìṣòro kan tó yàtọ̀ díẹ̀. Láti oṣù kìíní 2018, Nano tó ń ti ọ̀dọ̀ Arduino wá ń lo ètò ìgbàwọlé tuntun tó ń sọ̀rọ̀ ní ìyára 115200. Ti àtijọ́, tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó ń ti Ṣáínà wá, ń sọ̀rọ̀ ní 57600. Bí "not in sync" bá jáde, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti ń yan ṣípù nínú Arduino IDE, kí ẹ yan "Old Bootloader". Ọ̀pọ̀ Nano ló ti di ìdọ̀tí nítorí àìmọ ìlà kan ṣoṣo yìí.

Oko ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ ọ̀rinrin ilẹ̀ lọ́nà Kumbungu, kò sí ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù lọ síbẹ̀ nítorí àtúnṣe ìlà méjì. Wi-Fi ni wọ́n fi ń rán fámúwíà tuntun sí i. Níbẹ̀, iná tó lọ lójijì kàn án gan-an, nítorí kò sí láptọ́ọ̀pù tó ń fún un níná, kò sì sí ẹni tó máa tẹ BOOT. Ohun tí ètò Espressif ń ṣe ni pé kó pín flash sí ibùgbé méjì. Ìkan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń gba ti tuntun. Ìgbà tí ti tuntun bá ti wọlé tán, tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pé, ni wọ́n tó yí àmì padà pé òun ni ká tàn lẹ́yìn èyí. Bí iná bá lọ kó tó dé ibẹ̀, ti àtijọ́ kò tíì kúrò, òun ló máa jí. Ẹ tún lè fi àṣẹ kún un pé bí fámúwíà tuntun kò bá fi ara rẹ̀ hàn pé òun ń ṣiṣẹ́, kí bọ́ọ̀dù padà sí ti àtijọ́ fúnra rẹ̀. Mo rí i pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fo apá yìí nítorí pé ó gba ààyè nínú flash. Ẹ má fò ó. Bí flash 4 MB kò bá tó, ẹ ra bọ́ọ̀dù tó ní 8 tàbí 16.

Àwọn tó wà ní NASA kọ́ ẹ̀kọ́ yìí níbi tó jìnnà jù. Ní oṣù kìíní 2004, ẹ̀rọ Spirit tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Mars dákẹ́, ó sì ń tún ara rẹ̀ tàn ju 60 ìgbà lọ. Fáìlì tó ti pọ̀ jù nínú flash rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè parí jíjí. Wọ́n rán àṣẹ sí i pé kó jí láì lọ sínú flash rárá, ó jí, wọ́n sì pa àwọn fáìlì náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tí kò gba inú ohun tó bàjẹ́ kọjá ni wọ́n fi yọ ọ́, irú èyí kan náà tí ROM ń ṣe lórí tábìlì yín.

Bọ́ọ̀dù a máa kú, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá ki fóltì 5 bọ ẹsẹ̀ ṣípù tó fẹ́ 3.3 lè pa á. Ẹni tó bá jó efuse, ìyẹn àwọn bíìtì tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, láìkà ìwé rẹ̀ dáadáa, lè ti ilẹ̀kùn náà pa títí láé; gbogbo ohun tó bá ní "burn" nínú orúkọ àṣẹ rẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ Tamale á gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí ẹ bọ́ lóru á máa ta iná wẹ́wẹ́. Ara ènìyàn kì í mọ̀ bí irú iná bẹ́ẹ̀ kò bá tó nǹkan bí fóltì 3,000, àmọ́ èyí tó kéré sí i gan-an lè ba ṣípù jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kan irin tó wọnú ilẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ lé orí kápẹ́ẹ̀tì. Àmì ikú tòótọ́ ni pé ṣípù máa ń gbóná gan-an kí ẹ tó fi nǹkan kan sí i, tàbí pé ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ 3.3 tí ẹ bá òdo níbẹ̀, wáyà sì dára. Bó bá jẹ́ AMS1117 nìkan ló jó, ẹni tó mọ léèdì jó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ lóko, tí ẹnikẹ́ni kò rí fáìlì tí wọ́n fi kọ ọ́ mọ́, ni kí ẹ má yára pa rẹ́. Àṣẹ read_flash nínú esptool á ka gbogbo inú rẹ̀ sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà yín, bí wọn kò bá ti tì í pa. Fún flash 4 MB, ní ìyára 115200, ó máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 6. Ní 921600, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ oko náà sí orúkọ fáìlì, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbòmíràn, kí ẹ tó tẹ erase_flash.